Orúkọ Ta Lo Bèèrè? Ẹjọ́ Wa Pẹ̀lú 86

Ìpín kẹta ni Kaie kú. Ẹrẹ̀ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ mì dé ìdajì, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà ò lè gbéra mọ́, ọ̀tá sì ń bọ̀. Ohun tí ọmọ náà ń sọ kò ju pé òun ò fẹ́ kú. Níbi tó jìnnà réré sí ẹrẹ̀ yẹn, nínú yàrá kan tó mọ́ tónítóní, ọ̀gá wọn tó ń jẹ́ Lena ń gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tó fi dákẹ́. Lena kẹ́dùn. Ó ń ṣàánú, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ibẹ̀ ni Theo ti bú mọ́ ọn. Ó ní kí ló ń pa á lẹ́kún? Ó ní lálaalẹ́ ló ń bá àwọn sọ̀rọ̀, tó ń kí àwọn, tó ń pe ara rẹ̀ lẹ́ni rere, kò sì bèèrè orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn rí.

A dá fóònù dúró níbẹ̀. Àwa mẹ́rin la jókòó, fóònù kan la gbé ti ife omi, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ lanu. Nítorí pé àwa náà ò mọ orúkọ wọn. Ó ti di ìpín kẹta tí a ti ń wò wọ́n, tí a ń pe ọ̀kan ní "onírun yẹ́lò", tí a ń pe èkejì ní "ọ̀gá gíga yẹn". Theo bú Lena, ó bú àwa náà mọ́ ọn.

Láti ìgbà náà la ti ń bá èèyàn jà lórí 86, lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti lójúkojú. Ẹgbẹ́ méjì la máa ń bá pàdé. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní ní iṣẹ́ tí kò lábùkù ni, pé ẹni tó bá rí àbùkù lára rẹ̀, kò yé e ni. Ẹgbẹ́ kejì ní kí a fi àwọn sílẹ̀ jàre: róbọ́ọ̀tì ń yìnbọn, ọmọdé ń sunkún, orin ń ké tantan, ó parí. A ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Lójú tiwa, sẹ́ríìsì yìí mọ ohun tó burú jù nínú ogun, ó sì sọ ọ́ ju bí ọ̀pọ̀ fíìmù ńlá ṣe sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù láti gba àga lábẹ́ ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Ẹ ó rí ohun tí a ní lọ́kàn bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó lọ wò ó ná o, torí a ò ní fi nǹkan kan pamọ́.

Asato Asato ló kọ ìwé ìtàn tí wọ́n mú un jáde láti inú rẹ̀. Ìwé náà gba ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìdíje Dengeki Novel Prize, ó sì jáde ní Japan lọ́dún 2017. Ilé-iṣẹ́ A-1 Pictures ló sọ ọ́ di àníme, Toshimasa Ishii sì ni olùdarí. Ìpín 11 ló kọ́kọ́ jáde láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà 2021. Ìpín 12 yòókù bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ṣùgbọ́n méjì tó kẹ́yìn kò jáde àfi ní oṣù kẹta 2022. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé e nígbà náà ló mọ ojú tó fi ṣọ́ nǹkan bí oṣù mẹ́ta yẹn.

Orílẹ̀-èdè kan wà tó ń jẹ́ San Magnolia. Ó ń bá Legion jagun, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ ogun tí ilẹ̀ ọba Giad ṣe, tí kò nílò ènìyàn tí yóò máa darí wọn. San Magnolia náà ní àwọn ti ṣe tiwọn, dúróònù tí wọ́n ń pè ní Juggernaut, kò sì sí ènìyàn nínú rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ìròyìn ń sọ pé ogun ń lọ dáadáa, pé ẹnì kan ò kú. Irọ́ gbuu. Ọmọdé ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Ìjọba ti kó gbogbo ẹni tí irun àti ẹyinjú rẹ̀ kì í ṣe aláwọ̀ fàdákà jáde sẹ́yìn odi, ó gba ilé wọn, ó gba owó wọn, ó yọ orúkọ wọn kúrò nínú ọmọ ìlú. Ẹkùn 85 ló wà nínú odi. Ibi tí wọ́n kó wọn dà sí, wọ́n pè é ní ẹkùn 86, wọ́n sì fi nọ́ńbà náà pe àwọn èèyàn ibẹ̀: Eighty-Six. Níwọ̀n ìgbà tí òfin sì ti sọ pé wọn kì í ṣe ènìyàn mọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n jókòó sínú rẹ̀ kò ní ènìyàn nínú. Ẹ wo bí irọ́ náà ṣe mọ́ tó. Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣàn, bí a bá gbé òfin ilẹ̀ náà wò, òótọ́ ló ń sọ.

Ibí la ti kọ́kọ́ kan sáárá sí sẹ́ríìsì yìí. Nínú ọ̀pọ̀ àníme, ìkà máa ń lójú, ó máa ń rẹ́rìn-ín burúkú, ó máa ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó pa á. Níbí, ìwé àkọsílẹ̀ ni ìkà. Ẹnì kan jókòó síbì kan, ó ń ka àwọn òkú, ó sì ń kọ òdo. Àwọn ọmọ náà pàápàá mọ̀ pé páànù lásán ni ara Juggernaut, pósí tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni kan bá sì jà títí, tí kò kú, tó parí ọdún tí wọ́n dá fún un, wọn kì í dá a sílẹ̀. Wọ́n á rán an lọ sínú ilẹ̀ ọ̀tá lọ "wo bí nǹkan ṣe rí", láìsí pé yóò padà. Ikọ̀ Spearhead tí Shin ń darí, ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ gan-an nìyẹn: kí àwọn tó mọ ogun jà jù, tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò kú, lè rí ibi kú sí.

Orúkọ olú-ìlú San Magnolia ni Liberté et Égalité. Ẹni tó bá gbọ́ Faransé díẹ̀ mọ̀ pé òmìnira àti ìdọ́gba nìyẹn. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ 86, àwọn kan máa ń ní Jámánì ìgbà Hitler ni. Àwọn mìíràn á ní Amẹ́ríkà ni, níbi tí ìjọba ti kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn tó jẹ́ ìran Japan sí àgọ́ láti 1942, tí àwọn ọmọkùnrin wọn sì tún wọṣọ ológun lọ jà fún ìjọba kan náà. Méjèèjì bá a mu. Ṣùgbọ́n àwa tí a jókòó síhìn-ín, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Thiaroye ló sọ sí wa lọ́kàn. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejìlá 1944, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dakar: àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó ti jà fún Faransé, tí Jámánì ti mú lẹ́rú, padà wálé, wọ́n bèèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n, ọmọ ogun Faransé sì da ìbọn bò wọ́n. "Ọmọ ogun Senegal" ni gbogbo wọn ń jẹ́ lẹ́nu ìjọba, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé ni wọ́n ti ń kó ọmọ ogun bẹ́ẹ̀, títí kan Dahomey, tó di Benin lónìí. Orúkọ ìlú wọn pàápàá, wọn ò pè é. Ìjọba Faransé ní ènìyàn 35 ló kú. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti ń bá a jiyàn ọjọ́ ti pẹ́. Ìgbà tó wá di oṣù keje 2024, Faransé kéde ìgbà àkọ́kọ́ pé àwọn kan lára wọn kú fún Faransé. Ẹni mélòó? Mẹ́fà. Ọgọ́rin ọdún, ẹni mẹ́fà.

A ò sọ pé Asato ń ro Thiaroye nígbà tó ń kọ̀wé o. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó bá ní irọ́ San Magnolia ti pọ̀ jù, pé ìjọba gidi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó lọ kàwé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ni Shin fi di ẹni tí a ò lè gbàgbé. San Magnolia kò gbà kí Eighty-Six ní sàréè. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kú, Shin á gé irin pẹlẹbẹ kan lára ẹ̀rọ ẹni náà, á fín orúkọ sí i, á tọ́jú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì fara gbọgbẹ́ tí kò ní yè é, Shin ló ń yìnbọn fún un, torí Legion máa ń yọ ọpọlọ òkú lọ fi ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ. Àdéhùn tó wà láàárín wọn ni pé ẹni tó bá pẹ́ jù láyé ni yóò gbé orúkọ àwọn yòókù dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè gbé e dé. Àwa tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, tí àwọn àgbà ilé fi oyin àti iyọ̀ kàn wá lẹ́nu kí wọ́n tó pè wá, kò sẹ́ni tó nílò àti ṣàlàyé èyí fún wa. Nígbà tó kù wọ́n márùn-ún péré, tí Fido, ẹ̀rọ tó ń bá wọn kẹ́rù, bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Shin fi àwọn orúkọ náà sí. Ẹ̀rọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ló ń ṣọ́ àwọn òkú. A sunkún níbẹ̀, ẹ má tàn wá pé ẹ̀yin ò sunkún.

Nǹkan kejì tó gbà wá lọ́kàn ni etí. Nínú ìtàn yìí, wọ́n ní ohun èlò kan, Para-RAID, tó ń so ìgbọ́rọ̀ èèyàn pọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Lena kò rí ojú wọn, ohùn wọn nìkan ló mọ̀. Shin ní tiẹ̀ ń gbọ́ Legion, torí ọ̀rọ̀ tí òkú sọ gbẹ̀yìn ni ẹ̀rọ náà ń tún sọ, tó ń tún sọ, tọ̀sán-tòru. Ẹ fojú inú wo ọmọdékùnrin tí kò sí ìgbà kan tí kò gbọ́ igbe ẹni tó ń kú. Hiroyuki Sawano àti Kohta Yamamoto ló ṣe orin, orin náà sì dára, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ni Ishii mọ̀ ọ́n lò jù. Ó tún máa ń fi alẹ́ kan náà hàn wá lẹ́ẹ̀mejì, lọ́dọ̀ Lena, lẹ́yìn náà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ kan tó dà bí àwàdà lórí àga tìmùtìmù, ìgbà tí a bá gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn odi ni a máa mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló wà lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Alẹ́ àjọ̀dún, tí Lena fi báńgà aláràbarà ránṣẹ́ sí wọn, tí òun dúró pẹ̀lú aṣọ dúdú láàárín àwọn tó ń jó, tí wọ́n jọ ń wo ojú ọ̀run láìrí ara wọn: kò sí ìbọn níbẹ̀, ó sì dun wá ju gbogbo ìjà inú rẹ̀ lọ.

Wàyí o, ẹjọ́.

Lena la ní ẹjọ́ pẹ̀lú, tàbí ká kúkú sọ pé kámẹ́rà tí kò lè gbójú kúrò lára Lena. Ọmọ ọdún 16 ni, ó ti di ọ̀gá, ọmọ rere sì ni. Bàbá rẹ̀ mú un lọ wo ojú ogun nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n já bàálù wọn bọ́, ẹ̀gbọ́n Shin ló sì gbà á lọ́wọ́ ikú. Kò burú, ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ìgbà tí ikú ọmọ Eighty-Six kan fi parí sí ojú Lena tó kún fún omijé. Bí ẹni pé ikú náà ò tíì ṣẹ àfi tí ẹni tó wà nínú odi bá sunkún lé e lórí. Theo ti sọ ọ́ ní ìpín kẹta pé ẹkún yẹn kò wúlò. Sẹ́ríìsì náà gbọ́, ó mi orí, ó sì padà sídìí ẹkún.

Ó tún yá jù. Ìpín kẹta ni Theo bú u. Ìpín tó tẹ̀ lé e, Lena bèèrè orúkọ, wọ́n sọ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, àárín wọn sì ti ń gún. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọdún mẹ́sàn-án ogun kó jọ, tí òbí wọn kú sí, ìpín kan péré ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Nínú ìpín yẹn kan náà ni Theo ti sọ ìtàn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Onírun fàdákà ni ọkùnrin yẹn, bíi Lena. Ó fi inú odi sílẹ̀, ó wá jókòó sínú Juggernaut, ó ń jà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kórìíra rẹ̀, ó sì dúró lẹ́yìn kó lè kú nítorí wọn. Kò ní kí wọ́n dárí ji òun. Kìkì pé kí wọ́n rántí òun ló bẹ̀ wọ́n. Àmì kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ rẹ̀ ni Theo jogún. Àbí ìyá arúgbó tó fi Raiden pamọ́ sílé rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tí onírun fàdákà ni òun náà? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fún àwọn yìí. Ẹni tó fi ara rẹ̀ jì, ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo sẹ́ríìsì.

Ọ̀kan nínú wa kò fara mọ́ èyí rárá, ó sì ní ká kọ ọ́ síbí kí a má bàa dà bí ẹni pé ẹnu wa kò. Ó ní àwa tí à ń wò ó ni Lena. Àwa náà jókòó síbi tó tutù, à ń gbọ́ igbe láti inú fóònù, à ń káàánú, a sì ń lọ sùn. Ó ní Lena jẹ́ dígí tí wọ́n gbé sí wa níwájú. Ó tún rán wa létí pé Lena náà ṣe ju ẹkún lọ: ní ìpín kẹsàn-án ó ta òfin nù, ó fipá mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ Annette, ó sì yìnbọn ńlá láti gba àwọn márùn-ún náà là. A gbọ́, a sì gbà fún un níbi tó dé. Èsì wa ni pé bó bá jẹ́ dígí ni, kí wọ́n má fi òdòdó yí i ká tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo aṣọ ológun tí wọ́n rán fún un, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gígùn tí wọ́n fi okùn so mọ́ itan. Ọmọ ogun wo, ní ilẹ̀ wo? Ẹ wo ibi tí àwọn ọmọbìnrin Spearhead ti ń wẹ̀ lódò. Sẹ́ríìsì tó ń bínú pé wọ́n sọ èèyàn di ohun èlò, ó yẹ kó fura sí ojú tí òun náà fi ń wo ọmọbìnrin.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọ̀, a ò sì ní díbọ́n pé a ò rí i. Ìtàn nípa àwọ̀ ni 86, Colorata ni wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n lé jáde, ìyẹn àwọn aláwọ̀. Ṣùgbọ́n orí irun àti inú ẹyinjú ni àwọ̀ náà wà. Àwọn márùn-ún tí ìtàn gbé dé òpin, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí à bá pè ní aláwọ̀ dúdú tó bá pàdé wa lójú títì. Ẹ sọ fún wa pé àwòrán Japan ni, pé bí wọ́n ṣe ń ya èèyàn nìyẹn, a mọ̀. Ẹ tún lè sọ pé kí a lè rí bí ẹ̀tanú ṣe jẹ́ ìwà òmùgọ̀ ni wọ́n fi gbé e ka orí irun. Ìyẹn náà lọ́gbọ́n nínú. Àmọ́ ẹ rántí pé ní òpin ìdajì àkọ́kọ́, Lena fi àwọ̀ pupa kun díẹ̀ lára irun rẹ̀ láti fi ṣọ̀fọ̀. Ó rẹwà gan-an. Irun ṣe é kùn, abi? Ẹ̀yà tí ẹni kan lè fi àwọ̀ inú ike wọ̀ ní alẹ́ kan, kò tíì wọ ara dé ibi tí tiwa wọ̀ ọ́ dé.

Àwọn ará ìlú San Magnolia ńkọ́? Ọ̀mùtí ni ológun wọn, òpè ni èrò ọjà wọn, ká kórìíra wọn kò ná wa ní nǹkan kan. Annette nìkan la rí tó wọ inú dáadáa. Ó ní ọ̀rẹ́ kan nígbà èwe tí wọ́n jọ ń gbé ládùúgbò, ọmọ Eighty-Six. Ìdílé rẹ̀ lè ti ran ti ọmọ náà lọ́wọ́, wọn ò ṣe é. Bàbá rẹ̀ ló ṣe Para-RAID, ara àwọn ọmọdé Eighty-Six ló sì ti dán an wò. Annette mọ gbogbo rẹ̀. Ó ń se bisikíìtì, ó ń ṣe àwàdà, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Kò burú ju ẹnikẹ́ni tí a mọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi bà wá lẹ́rù. Mẹ́wàá irú rẹ̀ là bá fẹ́, dípò àwọn ológun tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́.

Nípa ìdajì kejì, ọ̀pọ̀ ń sọ pé ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. A ò gbà. Àwọn ọmọ Giad ti dojú ọba wọn bolẹ̀, wọ́n ti di ìjọba àpapọ̀, àwọn ló sì gba àwọn márùn-ún náà là. Wọ́n fún wọn nílé, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ, ààrẹ wọn gan-an ló gbà wọ́n ṣọmọ. Àánú wá ń dà lé wọn lórí lọ́tùn-ún lósì: "ẹ wo àwọn ọmọ tálákà yìí." A ò tíì rí àníme mìíràn tó fi hàn báyìí pé àánú lè jẹ́ èébú. Odi ni àánú náà, òun náà ń sọ fún wọn irú ẹni tí wọ́n jẹ́ láìbi wọ́n. Ibẹ̀ náà ni Eugene ti wá, ọ̀rẹ́ tuntun tí Shin ní, tó ní àbúrò obìnrin kékeré. Nígbà tí Eugene gbọgbẹ́ ikú, Shin ṣe fún un bó ti ń ṣe fún àwọn tirẹ̀, ó yìn ín níbọn. Lójú Eighty-Six, oore ni. Àbúrò Eugene kọ lẹ́tà sí Shin, ó bi í pé kí ló dé tó fi pa ẹ̀gbọ́n òun. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì, kò sì sí ohun tí Shin lè fi fèsì.

Ibi tó ti já wa kulẹ̀ ni pé ó fún wọn ní òmìnira, kò sì mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Theo ń ya àwòrán díẹ̀, Shin ń lọ sí ilé-ìkàwé, kí ojú tó wálẹ̀ wọ́n ti padà sójú ogun. Wọ́n ní ìgbéraga wọn ni, pé jíjà títí dé òpin nìkan ni ohun tí wọ́n ní. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ìtàn ló yan ohun tí wọ́n máa ní. Ìpín mẹ́ta sí i láàárín ìlú, kí Kurena máa fi owó tirẹ̀ ra nǹkan tí kò wúlò, kí Raiden máa bínú sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ kan, à bá jókòó wò ó. Dípò ìyẹn, wọ́n gbé Frederica wọlé, ọmọbìnrin kékeré tó jẹ́ ọbabìnrin ìkẹyìn Giad, àti Kiriya tó ń ṣọ́ ọ tẹ́lẹ̀, tó ti di ọpọlọ ìbọn ńlá kan fún Legion. Ìbọn náà gùn, ìtàn rẹ̀ náà gùn. San Magnolia fúnra rẹ̀ wá wó, odi tí wọ́n fi gbogbo ayé fọkàn tán wó lulẹ̀, a ò sì rí i ju fìrí lọ! Irọ́ tí a ti ń retí láti ìpín kìn-ín-ní pé kó tú, ẹ̀yìn wa ló tú sí.

Síbẹ̀, ìpín tó kẹ́yìn. Lena dé ibi ìrántí tí Giad kọ́, níbi tí wọ́n tọ́jú àwọn irin tí Shin fín orúkọ sí. Àwọn márùn-ún wá bá a níbẹ̀ nínú aṣọ ológun Giad. Kò mọ̀ wọ́n, torí kò rí ojú wọn rí. Ohùn ló fi dá wọn mọ̀, wọ́n sì sọ orúkọ wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fipá bèèrè. Mẹ́ta nínú wa ní ibẹ̀ ni sẹ́ríìsì náà ti san gbèsè Theo. Ẹnì kẹrin ní ká dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, sí ibi tí kámẹ́rà ti kọjá lórí àwọn irin náà, ká wá orúkọ Kaie. A dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ń fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi, títí bátìrì fi kú mọ́ wa lọ́wọ́.